Agogo Ọwọ́ Tí Ó Jọ Ojú Mọ́tò Àtijọ́, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ fún Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣù, ní Sùúrùlérè, Èkó

 

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí irú agogo ọwọ́ kan tí àwọn ará Jámánì ń ṣe, èyí tí wọ́n mú ojú rẹ̀ jọ àwọn ojú-ìwọ̀n tí ó máa ń wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ayé àtijọ́. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ni ó kan Sùúrùlérè nínú agogo àwọn Jámánì?" Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí n fi pamọ́ di ìparí ọ̀rọ̀. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀ ni èyí: ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ di ọ̀ṣọ́ tí a ń fi owó iyebíye rà, irú rẹ̀ ni àwa ń jù sẹ́yìn ilé, tí a sì ń wọ̀n tà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó sì mú kí ó ṣeé ṣe fún wọn, àwa náà ní in láàrin wa, ṣùgbọ́n ó ń bá àwọn àgbà lọ sí ibojì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ agogo ni n óò sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Jámánì, láàrin àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Igbó Dúdú, ìlú kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Schramberg. Ní 1861, Erhard Junghans àti àna rẹ̀, Jakob Zeller-Tobler, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Apá agogo nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe odindi agogo. Nígbà tí yóò fi di 1903, kò sí ilé-iṣẹ́ agogo tí ó tóbi tó tiwọn ní gbogbo ayé, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì lé ní 3,000. Nítorí pé àárín òkè méjì ni ìlú náà wà, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì tó, wọ́n kọ́ ilé kan sí ara òkè láàrin 1916 sí 1918, ó gun òkè lọ ní ìpele mẹ́sàn-án bí àtẹ̀gùn, kí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ lè dé ibi tí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ jókòó sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ dára a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi ojú ẹni tí ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, ilé-iṣẹ́ Seiko ní ilẹ̀ Japan gbé agogo ọwọ́ kan jáde tí bátìrì ń gbé rìn, tí òkúta kékeré kan tí à ń pè ní quartz sì ń ka àkókò fún un. Láti ìgbà náà ni agogo tí a ń fi ọwọ́ lọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù ọjà. Irú agogo tuntun yìí di ọ̀pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ títí ó fi di ohun tí ọmọ ilé-ìwé lè rà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ní Jámánì àti ní Switzerland ni ó kú. Junghans pàápàá wọ gbèsè tí kò lè san ní 2008. Ní 2009 ni ọmọ ìlú Schramberg kan, Hans-Jochem Steim, àti Hannes ọmọ rẹ̀ rà á, kí orúkọ ìlú wọn má bàa parẹ́. Bàbá àti ọmọ yìí fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ gan-an, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ jọ. Ní 2016 ni ilé-iṣẹ́ náà mú ìfẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì gbé agogo tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ ni Meister Driver.

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ orúkọ náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Driver ni awakọ̀. Meister sì ni orúkọ oyè tí àwọn Jámánì ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ti kọ́ṣẹ́, tí ó ti gbòmìnira, tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, tí ó tún ti yege nínú ìdánwò, tí ó fi lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ọmọ-iṣẹ́ tirẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí ọ̀gá aránṣọ tàbí ọ̀gá mẹkáníìkì gbé ń fún ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ní òmìnira, tí a gbàdúrà, tí a pín ohun jíjẹ àti mímu, tí a sì gbé irinṣẹ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́, mọ ohun tí Meister jẹ́.

Báwo ni agogo náà ti rí? Fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ 37.7 mìlímítà. Kò ní bátìrì. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni yóò máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lọ́ ọ, bí a bá sì ti lọ́ ọ tán, yóò rìn fún nǹkan bí wákàtí 42. Ìbòrí ojú rẹ̀ yọ síta díẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá. Nọ́ḿbà rẹ̀ hàn gbangba, ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, a sì fi ohun tí ń tàn nínú òkùnkùn kùn ún. Ní ìsàlẹ̀, ojú kékeré mìíràn wà tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá nìkan, gẹ́gẹ́ bí ojú-ìwọ̀n epo ti máa ń jókòó ti ojú-ìwọ̀n eré nínú mọ́tò àtijọ́. Ẹni tí ó bá mọ mọ́tò, bí ó bá ti wò ó, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èé ṣe tí ẹnikẹ́ni yóò fi fẹ́ mú agogo jọ dáṣíbọ́ọ̀dù? Ìdí rẹ̀ jinlẹ̀ ju ẹwà lọ. Ojú-ìwọ̀n tí ó wà níwájú awakọ̀ jẹ́ ohun tí a ṣe fún ojú tí ó ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Awakọ̀ kò ní ààyè láti kàwé. Mọ́tò tí ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 17, ó dín díẹ̀, nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá wo ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti fi ojú dídì rin àádọ́ta mítà. Nítorí náà àwọn tí ó ṣe ojú-ìwọ̀n wọ̀nyí yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò. Wọ́n fi funfun sórí dúdú, tàbí dúdú sórí funfun. Wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀ gùn. Kò dìgbà tí ènìyàn bá ka nọ́ḿbà. Ìdúró ọwọ́ náà nìkan ti tó láti sọ fún un bóyá ó ń sáré jù, tàbí bóyá epo rẹ̀ ń tán lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agogo rere: kì í ṣe ohun tí a ń wò pẹ́.

Ohun kejì tí ó so wọ́n pọ̀ wà nínú, níbi tí ojú kò tó. Ọmọ Jámánì kan, Otto Schulze, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1902 lórí irú sípídómítà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò ayé lò fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Okùn irin kan wà nínú ihò rọ́bà gígùn. Bí mọ́tò ti ń rìn ni okùn náà ń yí. Ní orí okùn yìí ni òòfà kékeré kan wà, òòfà náà sì ń yí nínú ago tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, láìfara kàn án. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òòfà kì í fa alumíníọ̀mù bí ó ti ń fa irin. Síbẹ̀, bí òòfà bá ń yí nítòsí rẹ̀, agbára iná mànàmáná a máa dìde díẹ̀díẹ̀ nínú ago náà, agbára yìí a sì fẹ́ mú kí ago máa tẹ̀lé òòfà. Ìbá yí lọ láìdúró, ṣùgbọ́n sípíríńgì kan wà tí ó tín-ín-rín bí irun, tí a ká bí ìgbín ti ká sínú ìkarahun rẹ̀. Òun ni ó ń fa ago náà sẹ́yìn. Ibi tí fífà àti títì bá ti dọ́gba, ibẹ̀ ni ọwọ́ dúró sí, ibẹ̀ ni awakọ̀ sì ti ń ka eré rẹ̀.

Sípíríńgì bí irun yìí gan-an ni ọkàn agogo ọwọ́. Christiaan Huygens ti ilẹ̀ Holland ni ó gbé e jáde fún agogo ní 1675. Nínú agogo, ó so mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ó sì ń fi lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ ka àkókò. Nínú Meister Driver tí à ń sọ, ó ń lù ní ìgbà 21,600 ní wákàtí kan, èyí ni ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i nígbà náà pé ìbátan ni agogo àti ojú mọ́tò, wọ́n kì í ṣe àlejò ara wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni sípíríńgì tí ó wà nínú wọn.

Ǹjẹ́ kí a padà wá sílé. Bí ó bá jẹ́ ti mọ́tò Jámánì, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò mọ̀ ọ́n níhìn-ín. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá, pọ̀ ní ìgboro yìí nígbà kan tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti oníṣòwò ń gùn ún. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to òmíràn nínú rẹ̀ pọ̀ níhìn-ín gan-an, ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry. Ojú-ìwọ̀n kan ṣoṣo, ńlá, roboto, ni ó wà níwájú awakọ̀ rẹ̀. Okùn sípídómítà rẹ̀ kò wá láti inú ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Láti inú táyà iwájú lápá òsì ni ó ti wá. Àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe, títí di nǹkan bí 1961, kò tilẹ̀ ní ojú-ìwọ̀n epo rárá. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí sín, awakọ̀ a fi ẹsẹ̀ yí irin kan, epo tí ó kù sílẹ̀ bí galọ́ọ̀nù kan a sì sọ̀ kalẹ̀ láti gbé e dé ibi tí yóò ti rà sí i. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti yí irin náà padà lẹ́yìn tí ó ra epo, ojú ọ̀nà ni yóò ti kọ́ ọgbọ́n.

Ọmọ ìyá Ìjàpá yìí ni ọkọ̀ Volkswagen tí ó di danfo, tí a kùn ní àwọ̀ ìyeyè tí a sì fi ìlà dúdú sí lára, tí ó di àmì Èkó lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ wọ inú ọ̀pọ̀ nínú danfo tí ń ná Ojúẹlẹ́gba àti Lawanson lónìí, kí ẹ bojú wo iwájú dírẹ́bà. Ọwọ́ sípídómítà ti sùn. Ojú-ìwọ̀n epo ti fọ́. Níbi tí ojú-ìwọ̀n ooru wà rí, ihò ni ó kù, wọ́n sì ti ki àkísà bọ̀ ọ́. Etí ni dírẹ́bà fi ń mọ eré rẹ̀, imú ni ó fi ń mọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Mo kí irú etí bẹ́ẹ̀, nítorí ó já fáfá. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ohun tí a lè fi lé etí nìkan lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn kan ń fi ojú mọ́tò àtijọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ọrùn ọwọ́, àwa ń gun mọ́tò tí kò lójú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ wíwọn àkókò kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Èdè wa ni ẹlẹ́rìí. Agogo ni orúkọ ohun èlò irin tí a ń lù kí ìlú lè gbọ́. Orúkọ yìí ni a gbé fún ohun tí ń ka wákàtí, a sì ń bèèrè títí di òní pé agogo mélòó ni ó lù. Ìṣẹ́jú ni ojú tí a ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a sì fẹ́ èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀, a wo igbó, a rí i pé àáyá yára ṣẹ́jú ju ènìyàn lọ, a sì pè é ní ìṣẹ́jú àáyá. Ènìyàn tí kò fiyè sí àkókò kò lè ronú kan irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa pín ọjọ́ sí àfẹ̀mọ́júmọ́, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́, àṣálẹ́ àti ọ̀gànjọ́, olúkúlùkù sì mọ iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Agogo Òyìnbó pàápàá kò dé bá wa ní ìdúró kan. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901, ó di dandan kí gbogbo ibùdókọ̀ ní àkókò kan náà. Ní ọdún wọnnì, oòrùn Èkó ni Èkó ń tẹ̀lé, èyí tí ó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1905, ìjọba mú wa tẹ̀lé Greenwich gan-an. Ní 1908, wọ́n dá wa padà sí ti oòrùn wa. Ní 1914, wọ́n sọ ọ́ di ìdajì wákàtí ṣáájú Greenwich. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919 ni wọ́n sọ ọ́ di odindi wákàtí kan, orí èyí ni a sì wà di òní. Ìgbà mẹ́rin láàrin ọdún mẹ́rìnlá ni a yí ọwọ́ agogo Èkó padà! Àbájáde rẹ̀ ni pé, nígbà tí agogo bá lu méjìlá ní Sùúrùlérè, ọ̀sán gangan kò tíì tó. Bí a bá ṣírò gbogbo ọdún pọ̀, nǹkan bí agogo 12:46 ni oòrùn ń dé ibi tí ó ga jù lójú ọ̀run wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ó súnmọ́ 12:30, ní àárín oṣù Kejì ó súnmọ́ agogo kan. Olùkọ́ tí ó bá ri igi kan mọ́ àgbàlá ilé-ìwé ní ìdúró gangan, tí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ìlà sàmì sí òjìji rẹ̀, yóò fi èyí hàn wọ́n láìná kọ́bọ̀. Ọ̀sán gangan ti àwọn baba wa kò parọ́ rí. Agogo ni a yí padà.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí. Ẹni tí ó bá rìn láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí ọjà Tèjúoṣó yóò rí àwọn atún-agogo-ṣe tí wọ́n jókòó ti àpótí onígíláàsì wọn, awò kékeré lójú kan, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe láti òwúrọ̀. Bátìrì ni wọ́n pààrọ̀, okùn ọwọ́ ni wọ́n gé kúrú. Ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́, owó oúnjẹ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ohun tí wọ́n mọ̀. Àwọn tí ó lè tú agogo palẹ̀ títí dé egungun rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi epo kan ibi tí ó yẹ kí epo kàn, kí wọ́n sì tò ó padà kí ó máa lù, àgbà ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá bèèrè ọmọ-iṣẹ́, wọn yóò rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò mú ọmọ rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ tí ẹ̀rọ tẹlifóònù ti gbà lọ́wọ́ olówó rẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí níhìn-ín, ẹjọ́ wọn kò sì burú. Wọ́n yóò ní, "Tẹlifóònù tí ó wà lápò mi sọ agogo tí ó ti lù, ó sì péye ju ti baba mi lọ." Òtítọ́ ni. Òkúta inú agogo bátìrì tí kò wọ́n rárá ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti Meister Driver ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà péré. Bí ó bá jẹ́ ti pípéye nìkan, ẹjọ́ ti tán, agogo àlọ́wọ́lọ́ ti jẹ̀bi. Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọ̀ṣọ́ olówó ni." Èyí náà kì í ṣe irọ́, owó agogo yìí ju owó oṣù tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gbà lọ́dọ̀ wa, n kò sì wá síhìn-ín láti rọ ẹnikẹ́ni kí ó rà á. Ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a rò ni èyí. Bí tẹlifóònù bá kú, a ó sọ ọ́ nù. Kò sí ohun tí ọmọ lè rí kọ́ nínú òkú rẹ̀. Bí agogo àlọ́wọ́lọ́ bá kú, a lè ṣí i, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń ti kẹ̀kẹ́ kan, tí kẹ̀kẹ́ kan ń ti èkejì, kí ó mọ ìdí tí ohun kan fi dúró, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un rìn padà. Ìlú tí kò bá ní ọwọ́ tí ó lè ṣe ohun kékeré, kò lè ní ọwọ́ tí yóò ṣe ohun ńlá. Ìka tí ó lè gbé ìdè agogo tí ó kéré bí ẹyin iná, òun náà ni yóò tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, tí yóò tún ojú-ìwọ̀n danfo ṣe kí ó tún ríran. Àwọn ará Schramberg kò gba ilé-iṣẹ́ wọn là nítorí pé ayé kò lè mọ agogo mélòó ni ó lù láìsí wọn. Wọ́n gbà á là kí ọgbọ́n tí ó wà ní ìka àwọn ènìyàn wọn má bàa lọ.

Ẹ kíyè sí ohun kan sí i. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú Meister Driver tí a ń fi ọwọ́ lọ́ yìí, Switzerland ni orísun rẹ̀ wà. Kò tì wọ́n lójú. Wọ́n ra ẹ̀rọ lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n sì fún un ní ojú tiwọn, ojú tí ìtàn ara wọn kọ́ wọn. Kí ni ó dí àwa lọ́wọ́? Ní Yábàá, nítòsí wa níhìn-ín, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀-ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní 1947 ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ ẹ̀rọ lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni kan nínú wọn lè ya ojú agogo tí a kọ ìyálẹ̀ta àti ọ̀sán gangan sí ibi tí ó tọ́ sí wọn. Ẹlòmíràn lè mú àwọ̀ danfo, ìyeyè àti dúdú, sọ ọ́ di ojú tí awakọ̀ Èkó yóò rí tí orí rẹ̀ yóò wú. Bí Jámánì bá lè fi ojú mọ́tò rẹ̀ yangàn, Ìjàpá àti danfo tó ohun tí a lè fi yangàn, nítorí àwọn ni wọ́n gbé wa dé ibi tí a dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mo mú ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta wá, wọn kò sì wúwo.

Èkíní: ẹni tí agogo baba rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, kí ó gbé e jáde. Kí ó mú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ atún-agogo-ṣe, kí ó san owó iṣẹ́ láì náà á ní ìnàkúnàá, kí ó sì bẹ àgbà náà kí ó jẹ́ kí ọmọ wò ó bí ó ti ń ṣí i. Ìwò ọjọ́ kan lè mú kí iṣẹ́ wọ ọmọ lójú.

Èkejì: kí ẹni tí ó ní mọ́tò àtijọ́ tí ó ti jókòó má ṣe tà á fún oníirin àlòkù pẹ̀lú ojú rẹ̀. Kí ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó fi ta ilé-ìwé tí ó súnmọ́ ọn lọ́rẹ. Sípídómítà kan ṣoṣo ti tó láti kọ́ kíláàsì kan nípa òòfà, nípa sípíríńgì, àti nípa ipá méjì tí ń fa ara wọn. Nínú iṣẹ́ kíkọ́ àwọn olùkọ́, mo ti rí i pé ohun tí ọmọ fọwọ́ kàn kì í tètè kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọlọ́rọ̀. Ẹ̀ ń ṣe ayẹyẹ, a sì ń bá yín yọ̀. Ẹ̀ ń pín agogo ògiri tí a ya àwòrán yín sí fún àwọn àlejò. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú owó yìí, kí ẹ fi sanwó ìkọ́ṣẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ atún-agogo-ṣe tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún ojú-ìwọ̀n mọ́tò ṣe, títí ọmọ náà yóò fi gbòmìnira. Agogo ògiri yóò kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tún un ṣe yóò wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Sùúrùlérè ni orúkọ ibi tí a jókòó sí yìí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni a kó wá síhìn-ín láti àárín Èkó lẹ́yìn 1955, nígbà tí a wó ilé wọn, tí ọ̀nà òwò wọn sì jìnnà sí wọn. Orúkọ àdúgbò yìí ni wọ́n fi ń tu ara wọn nínú. Sùúrù tí wọ́n ní kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Sùúrù ni ti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó sì mọ̀ pé yóò pẹ́, bí ti àgbà tí ó fi awò sójú, tí ó ń gbé sípíríńgì bí irun padà sí ààyè rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀sọ̀ mú ọgbọ́n ọwọ́ tí ó kù lọ́dọ̀ wa, nígbà tí àwọn tí ó ni ín ṣì wà láàyè láti fi lé ọmọ lọ́wọ́.